Ilẹ̀kùn Tó Ń Ké

Ṣọ́ọ̀bù náà funfun bí eyín ọmọdé. Ilẹ̀kùn dúró káàkiri inú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú férémù tirẹ̀, kò sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Orin kan ń dún tí kò fẹ́ tán. Oníbúrẹ́dì ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú ẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí bàtà ẹ̀ ń dán ju ojú ẹ̀ lọ sáré wá pàdé ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní Afínjú.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá mi!" Afínjú tẹrí ba. "Ẹ dákun, ẹ padà. Ẹ ò tíì wọlé."

Oníbúrẹ́dì wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. "Níbo ni mo wá wà yìí?"

"Ẹ wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dé." Afínjú nàka sí férémù ńlá kan tó dá dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà. "Ibẹ̀ yẹn la ti ń dé."

"Mo ti kọjá ẹ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ gbà. Ẹ ò gba inú ẹ̀."

"Kò sí ògiri níbẹ̀."

"Ẹ fojú inú wo ògiri, sà."

"Tí mo bá lè fojú inú wo ògiri, kí ni mo tún ń náwó lórí ilẹ̀kùn fún? Màá kúkú fojú inú wo òun náà."

Afínjú rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Oníbúrẹ́dì padà, ó gba inú férémù náà. Nǹkan kan fín sí i lójú látòkè.

"Yéè! Òrùlé yín ń jò o!"

"Òórùn ni, sà. Òórùn ilé."

"Ilé ta ni?"

"Ilé tó bá wù yín."

"Ilé tèmi kì í rùn báyìí. Búrẹ́dì ló ń rùn níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ìtọ̀ ọmọ ìkókó."

"Ẹ gbàgbé ìyẹn, ọ̀gá mi. Ẹ ti dé báyìí. Ẹ kú àbọ̀. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Mo fẹ́ ra ilẹ̀kùn."

Ojú Afínjú rẹ̀wẹ̀sì bíi pé wọ́n bú ìyá ẹ̀. "A kì í ta ilẹ̀kùn níbí, sà."

Oníbúrẹ́dì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ilẹ̀kùn ló rí. Ó wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ni.

"Kí wá nìwọ̀nyí?"

"Ìwọ̀nyí? Ìpadàbọ̀ sílé nìwọ̀nyí! Ta ni ò lè ta ilẹ̀kùn? Káfíńtà ẹ̀bá ọ̀nà ń ta ilẹ̀kùn. Àwa, adùn inú wíwọlé là ń tà. Ìgbé ayé là ń tà, ọ̀gá mi."

"Ṣé ó lọ́wọ́?"

"Kí ló lọ́wọ́?"

"Ìgbé ayé náà. Ṣé ó lọ́wọ́ téèyàn lè dì mú, kó fi ṣí i?"

"Ó lọ́wọ́, sà."

"Ṣé èèyàn lè tì í?"

"Èèyàn lè tì í dáadáa."

"Ilẹ̀kùn ni."

Wọn ò kọ́ Afínjú ní ti eléyìí. "Ṣé ẹ rí i, ọ̀gá mi, tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan níbí, a ò ní kàn gbé e fún yín kẹ́ ẹ máa lọ. Àwọn èèyàn wa á bá yín délé. Wọ́n á fi síbi tó yẹ. Wọ́n á wá kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa wọlé."

"Bí mo ṣe máa wọlé?"

"Ẹ̀kọ́ ìwọlé. Ọ̀fẹ́ ni."

"Wọ́n tún ń kọ́ni ní ìjáde?"

"Ìjáde lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀, sà."

Oníbúrẹ́dì yíjú sí ẹnu ọ̀nà bíi pé kó máa lọ. Ó rántí ohun tó gbé e wá. Ó dúró.

Afínjú ti sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè díẹ̀, ká lè mọ èyí tó bá yín mu. Irú ìgbé ayé wo lẹ ń gbé?"

"Èyí tí mo bá nílẹ̀."

"Tẹ́ ẹ bá tibi iṣẹ́ dé, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rí lára yín?"

"Á rẹ̀ mí. Mo fẹ́, mo kọ̀, á rẹ̀ mí."

"Ó dáa. Tí ilẹ̀kùn yín bá lẹ́nu, kí lẹ máa fẹ́ kó sọ?"

Oníbúrẹ́dì gbójú sókè. "Ìyẹn gan-an! Ìyẹn ni mo bá wá. Mo fẹ́ èyí tó ń sọ̀rọ̀."

"Háà!" Afínjú pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá mi, ẹ ò tètè sọ! Mo ti rò pé ẹ ò mọ nǹkan tó dáa. Ẹ máa bọ̀."

Ó fà á lọ sídìí ilẹ̀kùn kan tó ga bí ẹni tó ń gbéra ga. Gíláàsì kékeré kan wà lára ẹ̀, ó ń tàn.

"Ìsinmi Ọba nìyí. Òun ló wọ́n jù nínú ilé yìí. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Oníbúrẹ́dì fọwọ́ kàn án. Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ẹyẹ òwúrọ̀," ni Afínjú wí. "Ẹ tún fọwọ́ kàn án."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

"Odò tó ń gba orí àpáta kọjá. Ẹ tún fọwọ́ kàn án."

"Kò sí ti ilẹ̀kùn níbẹ̀?"

"Ti kí ni, sà?"

"Ohùn ilẹ̀kùn."

Afínjú tẹ gíláàsì náà síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. "Òjò wà. Òkun wà. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín wà. Màlúù wà." Ó wò ó títí. "Ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀, sà."

"Ilẹ̀kùn tó lè ké bíi màlúù. Kò wá lè ké bí ilẹ̀kùn."

"Iyì ẹ̀ nìyẹn! Òun fúnra ẹ̀ kì í dún. Ẹ wò ó." Afínjú ṣí i. Ó tì í. Ó tún ṣí i. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá."

"Ẹ rí i!"

"Irú ẹ̀ ló wà nílé wa. Òun ló lé mi dé ibí."

Afínjú fọwọ́ họ orí ẹ̀, ó sì tètè tún irun náà ṣe. "Ta ló fi síbẹ̀ fún yín?"

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. A sìnkú bàbá wa tán, ó ní òun fẹ́ ṣe wá lóore. Kí n tó tibi iṣẹ́ dé, ó ti yọ ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó ti là á. Wọ́n ti fi dáná."

"Oore ńlá nìyẹn o."

"Irú oore tí igún ṣe tó fi pá lórí."

"Kí ló ṣe ti àtijọ́ ọ̀hún?"

"Ó ń ké."

"Ṣé ẹ wá rí i pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́!"

"Èyí tó ń ké ni mo fẹ́."

Ojú Afínjú là. "Mo ti mọ̀ ọ́n! Tí olè bá fọwọ́ kàn án, kó figbe bọnu! A ní in, ọ̀gá mi. Ẹ̀ṣọ́ Òru ló ń jẹ́. Tí ìyẹn bá ké báyìí, kò sẹ́ni tó máa sùn mọ́ ládùúgbò."

"Mi ò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sùn ni."

"Ẹ fẹ́ ilẹ̀kùn tó ń ké."

"Ẹ̀hẹ́n."

"Kẹ́nì kan lè rí oorun sùn."

"O ti gbọ́ mi."

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin gan-an ti sùn?"

"Rárá. Búrẹ́dì ni mo ṣe mọ́jú."

Afínjú fa àga kan wá. Àga náà dà bí ẹyin tí wọ́n là sí méjì. Oníbúrẹ́dì kò jókòó.

"Gbọ́, àbúrò. Bàbá mi máa ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lóru. Ìdájí ni wọ́n ń wọlé. Ilẹ̀kùn á ké. Màmá mi á ní, 'Ẹ káàbọ̀.' Màmá á kọjú sógiri, wọ́n á wá sùn. Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n kàn ń dijú lásán ni. Bàbá wá kú. Èmi náà, ìdájí ni mò ń dé. Ilẹ̀kùn ṣì ń ké, màmá ṣì ń rí oorun díẹ̀ sùn. Ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá ṣoore. Báyìí, tí mo bá wọlé, ilẹ̀kùn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá á jókòó sórí àga, wọ́n á máa wo ilẹ̀kùn náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Màmá mi ò sùn mọ́."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín kúrò lójú Afínjú. Orin ń dún lọ.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ọ̀gá mi. Ọlọ́run á tu màmá nínú."

"Àmín."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rírú ẹ̀ mọ́."

"Àmín. O ṣé."

Afínjú mí kanlẹ̀. "A ní ti ọ̀fọ̀."

"Ti kí ni?"

"Ilẹ̀kùn ọ̀fọ̀. Ìrántí Rere ló ń jẹ́. Ó dúdú, ó níná kékeré lókè. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, iná náà á rọra tẹrí ba."

"Ṣé ó ń ké?"

"Iná kì í ké, sà."

"Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ẹ dákun, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni." Afínjú ronú. Ó jọ pé ó ń ronú lóòótọ́ báyìí. "Ti tuntun tó wà nílé yẹn, ṣé ẹ ti gbìyànjú láti da omi sí irin ẹ̀? Kó lè dógùn-ún?"

"Mo da omi sí i. Mo da omi iyọ̀ sí i. Ńṣe ló ń dán sí i."

"Irin gidi ni."

"Mo wá fẹnu ara mi ké e."

"Ẹ fẹnu ké kí ni?"

"Mo ṣílẹ̀kùn, mo wọlé, mo ké bí ilẹ̀kùn. Màmá ní, 'Ta ló tẹ ológbò mọ́lẹ̀ yẹn?'"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Afínjú, gìdìgbà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ ọ. Ó fọwọ́ bonu. "Ẹ jọ̀ọ́. Báwo lẹ ṣe ké e?"

Oníbúrẹ́dì dúró láàárín ilé. Ó dijú. "Kíììì-rẹ́-ẹ́... kọ̀."

Ó kọ́kọ́ lọ sókè, ó dúró díẹ̀, ó wá já sílẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ bínú tó wá rò ó pé kò tó nǹkan.

"Kírírí-kọ̀?" ni Afínjú wí.

"Rárá. Ìyẹn ń kánjú. Ilẹ̀kùn ọmọ iléèwé nìyẹn."

"Kúùùù-rọ́-ọ́... kọ̀?"

"Ìyẹn ti sanra jù. Mú un láti imú."

"Kíììì..."

"Ẹ̀hẹ́n!"

"...rẹ́-ẹ́..."

"Dúró níbẹ̀! Má tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"...kọ̀."

Àwọn méjèèjì ranjú mọ́ra wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Oníbúrẹ́dì wí, "mi ò kọ́ ọ débẹ̀ yẹn. Ibo lo ti gbọ́ ọ?"

Afínjú wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo òkè àjà. "Ẹ̀gbọ́n." 'Ọ̀gá mi' ti tán lẹ́nu ẹ̀, 'sà' náà ti bá a lọ. "Ẹ ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni?"

"Ta ni màá sọ fún? Búrẹ́dì?"

"Ẹ gbọ́ orin yìí? Ẹ mọ ohun tí kì í jẹ́ kó tán?"

"Mo rò pé ó bà jẹ́ ni."

"Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn. Ó ti bá ilé yìí wá. Ibi tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń... ibi ìtura wa ni."

"Ilé ìgbẹ́."

"Ibi ìtura, ẹ̀gbọ́n. Ó ń ké. Bẹ́ ẹ ṣe ké yẹn gẹ́lẹ́ ló ń ké. Ọ̀gá wa ní oníbàárà kankan ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi orin dí i. Tí oníbàárà bá sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀. À ń mú un mọ́ra ni."

"Ẹ kó ilẹ̀kùn jọ báyìí, ẹ ò lè fi ọ̀kan sí ilé ìgbẹ́ yín?"

"Ta ló ń fi ìpadàbọ̀ sílé sí ilé ìgbẹ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Mú mi débẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á lé mi o."

"Pa orin yẹn, àbúrò. Torí màmá mi."

Afínjú pa orin. Ilé náà dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kan kọjá. Ilẹ̀kùn ọ̀hún rèé. Omi ti jẹ ìdí ẹ̀. Ọ̀dà mẹ́ta ló ń yọjú lára ẹ̀, bí ẹni wọ aṣọ lórí aṣọ. Afínjú gbá a mú, ó ṣí i.

Kíììì-rẹ́-ẹ́... kọ̀.

Oníbúrẹ́dì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìyẹ̀fun ni."

"Mi ò tíì bi yín, ẹ̀gbọ́n."

"Mò ń rà á."

"Kì í ṣe ọjà! Kò tiẹ̀ lórúkọ. Ohun tí ò bá lórúkọ, a kì í tà á níbí."

"Sọ ọ́ lórúkọ."

Afínjú wo ilẹ̀kùn náà láti òkè délẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ò gbà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. "Ìtura... Ìtura Àtayébáyé."

"Mo ra Ìtura Àtayébáyé."

"Kí la máa wá fi dí ibí? Ẹnu ilé ìgbẹ́ ò ṣeé fi sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀gbọ́n. A jẹ́ èèyàn!"

"Kí lo ní ó wọ́n jù?"

"Ìsinmi Ọba."

"Màá san owó Ìsinmi Ọba. Ẹ fi òun síbí. Èmi á gbé eléyìí lọ."

Afínjú la ẹnu sílẹ̀. Ó ń rò ó: Ìsinmi Ọba tà. Ilé ìgbẹ́ dákẹ́. Ọ̀gá yọ̀. Orin tán. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń lọ nígbà tó bá wù wọ́n, bí ọmọ èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n! Ó sì lè ṣe bí odò tó ń ṣàn! Ìyẹn á máa ran ẹni tó bá wà nínú lọ́wọ́!"

"Ṣé o rí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tú mi sílẹ̀ lóko ẹrú. Ó ku kí n tú ara mi sílẹ̀. Ẹ yà fún mi díẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú un mọ́ra."

"Dúró." Oníbúrẹ́dì ti yọ fóònù. "Kí màmá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mi ò ní gbé ilẹ̀kùn la ìgboro kọjá, kí wọ́n tún wá ní òun kọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe tán, ẹ wá pè wọ́n!"

"Ó ti ń dún lọ́hùn-ún. Màmá? Èmi ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ fi fóònù sétí, ẹ ṣáà máa gbọ́." Ó na fóònù sí ilẹ̀kùn. "Ó yá, àbúrò. Tì í. Wá rọra ṣí i. Má ṣí i bí ẹni tí nǹkan ń lé."

"Nǹkan ń lé mi!"

"Ẹni tó ṣọ́ ilé mọ́jú kì í kánjú. Fi èjìká sí i. Jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́."

Afínjú fi ẹsẹ̀ kan há èkejì. Òógùn bò ó. Ó sọ èjìká kalẹ̀, ó di àgbàlagbà, ó ṣí i.

Kíììì-rẹ́-ẹ́... kọ̀.

Oníbúrẹ́dì gbé fóònù padà sétí. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara ẹ̀ di etí.

"Kí ni wọ́n wí?" Afínjú ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọ́n ní, 'Ẹ káàbọ̀.'"

"Ṣé kí n dáhùn?"

"Má dáhùn. Bàbá kì í dáhùn."

"Kí ni wọ́n máa ń ṣe?"

"Wọ́n máa ń bọ́ bàtà."

Afínjú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹ̀ tó ń dán. Ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, jẹ́jẹ́.

Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú fóònù. Ó kọ́kọ́ tín-ínrín. Ó wá ń nípọn sí i.

"Kí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n?"

"Wọ́n ń hanrun." Oníbúrẹ́dì gbé fóònù náà dání bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. "Màmá mi ń hanrun."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣíìì."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́."

"Ṣíìì! Oorun yẹn ò tíì wọra."

"Ó ti wọ èmi lára!"

Afínjú ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó bẹ́ wọlé láìwọ bàtà, ó fa ilẹ̀kùn tẹ̀ lé ara ẹ̀.

Kíììì-rẹ́-ẹ́... kọ̀.

Híhanrun náà já. Oníbúrẹ́dì fi etí lélẹ̀. Ó yára fẹnu sí ojú ihò ilẹ̀kùn.

"O ti jí wọn! Màmá ní ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ibo lẹ tún ń lọ?"

Ohùn Afínjú jáde láti inú lọ́hùn-ún:

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ilé ìgbẹ́ ni! Mò ń bọ̀!"